Ayọ̀délé Awójọbí, ọ̀jọ̀gbọ́n tó sọ ẹ̀yìn mọ́tò di iwájú

Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde ni ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972 bọ́ sí. Bí àwọn kan ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ ọjọ́ náà ni gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú títì káàkiri Nàìjíríà ń pààrọ̀ ọwọ́. Láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń gba ọwọ́ òsì wa mọ́tò nílẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àwọn orílẹ̀-èdè tó bá Nàìjíríà pààlà, Dahomey tó wá di Benin, Niger, Chad àti Cameroon, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà. Awakọ̀ tó bá ti Èkó ń lọ sí Kútọnu, bó bá ti kọjá bodè, àfi kó rántí pé ọwọ́ ti yí padà. Bí kò bá rántí, wàhálà dé nìyẹn. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon wá ní kí oníkálukú bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó parí.

Kò parí o. Òfin lè gbé ọkọ̀ láti ọwọ́ kan sí èkejì, kò lè gbé sítíárìn kúrò níbi tí wọ́n dè é mọ́. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ọwọ́ òsì, apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ máa ń wà, kí awakọ̀ lè wà nítòsí àárín títì, kó sì rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú. Lọ́jọ́ Àjíǹde yẹn, awakọ̀ inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣàdédé di ẹni tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Bí lọ́rì bá wà níwájú rẹ̀ tó fẹ́ yà á sílẹ̀, àfi kó kọ́kọ́ ti imú mọ́tò bọ àárín títì kó tó lè mọ̀ bóyá ẹnì kan ń bọ̀. Àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn wá ọkọ̀ mìíràn rà. Àwọn tí kò sówó lọ́wọ́ wọn ń fi àdúrà wa tiwọn.

Olùkọ́ kan wà ní Yunifásítì Èkó ní Akókà tí kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó tú ọkọ̀ ilé rẹ̀ palẹ̀, ó sì gbé sítíárìn rẹ̀ láti apá ọ̀tún lọ sí apá òsì. Ayọ̀délé Awójọbí ni orúkọ rẹ̀. Ẹni ọdún 35 ni lọ́dún náà, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà tó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Ọmọ ọ̀gá ibùdó rélùwéè

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1937 ni wọ́n bí i ní Oṣòdì. Bàbá rẹ̀, Olóyè Daniel Adékọ̀yà Awójọbí, ọmọ Ìkòròdú ni, ọ̀gá ibùdókọ̀ ojú irin sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Màmá rẹ̀, Comfort Bámidélé, wá láti Mọ́dákẹ́kẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀. Òwò kékeré ni ìyá ń ṣe ní tirẹ̀.

Ẹni tó bá ti gbé ẹ̀bá rélùwéè rí yóò mọ irú ibi tí ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ṣí ojú. Láyé ìgbà náà, ooru omi ni wọ́n fi ń wa ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n á ko èédú sínú iná, omi á hó, ooru rẹ̀ á sì máa ti irin tó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nǹkan kan wà nípa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kíyè sí. Kò ní gíà rífáàsì. Ọ̀pá kan ni awakọ̀ rẹ̀ máa ń fà. Tó bá fà á síbí, ọkọ̀ lọ síwájú. Tó bá fà á sọ́hùn-ún, ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, agbára kan náà ló sì máa fi lọ. Kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ibùdókọ̀ bàbá rẹ̀ ni Awójọbí ti rí èrò tó wá ṣiṣẹ́ lé lórí nígbà tó dàgbà. Àmọ́ kéèyàn fi ọ̀pá yẹn sọ́kàn ná, a óò tún bá a pàdé níwájú.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Peter's ní Fàájì, ní Erékùṣù Èkó, ni wọ́n fi í sí ní 1942. Nígbà tó jáde níbẹ̀ ní 1947, CMS Grammar School ló kàn, ilé-ìwé girama tó dàgbà jù lọ ní Nàìjíríà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1859. Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ̀ ọ́n níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ọmọ tó máa fi ìṣirò pa ẹnu mọ́. Ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ó sì mọ eré í ṣe. Nígbà tí ilé-ìwé ṣe eré Macbeth tí Shakespeare kọ, òun ló ṣe Macbeth fúnra rẹ̀, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lára láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká má kàn gbà á bí eré ọmọdé lásán, nítorí ẹnu yẹn pẹ̀lú ló wá lò nígbà tó di ọkùnrin tí ìjọba ń bẹ̀rù.

Ní 1955, ó jókòó ṣe ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Iṣẹ́ mẹ́jọ ló ṣe, mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló sì fi gba ipò tó ga jù. Èsì bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ó kọjá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ní Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń pè ní Nigerian College of Arts, Science and Technology. Nígbà tó di 1958, ó tún gba ipò tó ga jù nínú físíìsì àti nínú oríṣi ìṣirò méjèèjì tó kọ́. Nígbà náà, bí ọmọ bá mọ̀wé tó báyìí, dókítà tàbí lọ́yà ni gbogbo ẹbí máa ń fẹ́ kó dà. Ẹ̀rọ ni Awójọbí ní òun fẹ́. Ìjọba àpapọ̀ fún un ní owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ó gba Zaria lọ, ẹ̀ka kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà tó wá di Yunifásítì Ahmadu Bello. Ní 1962 ló jáde níbẹ̀ pẹ̀lú oyè ìpele kìíní ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Jẹnẹrétọ̀ tó ń rìn

Ìjọba tún ràn án lọ sí òkè òkun. Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ló lọ, ìwárìrì ẹ̀rọ ló sì lọ kọ́.

Kò sí ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ nílé tí kò mọ̀ nípa iṣẹ́ tí Awójọbí ṣe lọ́hùn-ún. Ó lè má mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ni. Tí wọ́n bá gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sórí sìmẹ́ǹtì dídán tí wọ́n sì tan án, bó bá fi máa di alẹ́, ó ti rìn kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí. Bí wọ́n bá dè é mọ́lẹ̀, kò lè rìn mọ́, ṣùgbọ́n ìwárìrì náà kò lọ síbì kankan. Inú ilẹ̀ ló gbà wọlé. Nígbà tó bá yá, nọ́ọ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, ògiri tó wà nítòsí á bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ẹ wá fi ojú inú wo ẹ̀rọ ńlá iléeṣẹ́, èyí tó wúwo ju ilé lọ, tó ń mì tọ̀sán-tòru lórí ilẹ̀ kan náà fún ogún ọdún.

Ìbéèrè tó wà níwájú rẹ̀ ni pé, báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ ṣáájú, kí wọ́n tó da kọnkéré rárá, bí ẹ̀rọ kan ṣe máa mì tó bí wọ́n bá gbé e lélẹ̀? Ohun tó jẹ́ kó le ni pé ilẹ̀ kì í ṣe pátákó. Ó máa ń fún, ó máa ń fà, ó sì jìn débi pé kò sí ẹni tó mọ ibi tó parí sí. Ìwárìrì tó bá wọ inú rẹ̀ máa ń tàn kálẹ̀ bí omi odò ṣe máa ń ṣe nígbà tí òkúta bá bọ́ sínú rẹ̀, kò sì ní padà wá mọ́. Èyí dára, nítorí ilẹ̀ ń bá ẹ̀rọ gbé lára ẹrù rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan tó ń mì ló ní ìwọ̀n tó fẹ́ràn láti máa fi mì, gẹ́gẹ́ bíi jangilọ́fà ọmọdé. Bí wọ́n bá ń tì í ní àsìkò tó bá ìrìn rẹ̀ mu, títì díẹ̀ á gbé e dé òkè. Bí eré ẹ̀rọ bá ṣe kòńgẹ́ ìwọ̀n tí òun àti ilẹ̀ tó jókòó lé fẹ́ràn láti máa fi mì, ìmìtìtì kékeré á di ńlá.

Ní 1965, Awójọbí àti P. Grootenhuis tẹ iṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ ti Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, ìwé tí àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ń kọ nǹkan sí láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Àwọn tó ń ṣe ìpìlẹ̀ fún ẹ̀rọ ńlá ṣì ń dárúkọ iṣẹ́ náà di òní. Ọdún kejì rẹ̀, 1966, ló gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sì padà wálé láti wá máa kọ́ni ní Yunifásítì Èkó, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà.

Kò fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó délé. Ní 1973, òun àti R. E. Gibson tẹ iṣẹ́ mìíràn jáde lórí irú ilẹ̀ tó jẹ́ pé òkè rẹ̀ rọ̀, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀ ló ń le sí i. Ìṣirò gidi ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ohun téèyàn máa ń kà kó tó sùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbìyànjú láti kọ́lé ní Èkó, níbi tí yanrìn àti àbàtà ti pọ̀ ju òkúta lọ, á mọ̀ pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan.

Opel tó ṣí lọ sí apá kejì

Opel Olympia Rekord ni ọkọ̀ ilé rẹ̀, irú èyí tí àwọn ará Jámánì ń ṣe ní àwọn ọdún 1950. Kì í ṣe ọkọ̀ tuntun mọ́ nígbà tí òfin ọwọ́ ọ̀tún dé. Ẹlòmíì á ní ìyẹn gan-an ni ìdí tó fi yẹ kó tà á.

Lójú ẹni tí kò mọ̀, kí ló wà nínú gbígbé sítíárìn láti ọ̀tún lọ sí òsì? Kò ju kéèyàn tú u níbí kó dè é lọ́hùn-ún. Àwọn mẹkáníìkì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Sítíárìn ní ọ̀pá gígùn tó gba inú irin tó pààlà ẹ́ńjìnnì àti èrò ọkọ̀ kọjá. Ihò ọ̀pá náà, apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n lu ú sí. Lápá òsì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kan jókòó sí, tí kò sì ní gbà kí ọ̀pá kankan kọjá. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ni àpótí irin tó ń sọ yíyí ọwọ́ di yíyà táyà wà. Bí wọ́n bá gbé àpótí yẹn sódì, bí awakọ̀ bá yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, sósì ni mọ́tò máa yà. Ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì àti tọ́tù, ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó lọ, pẹ̀lú páìpù ọ́ìlì bíréèkì tó so mọ́ ọn. Dáṣíbọ́ọ̀dù ń kọ́? Wápà tó ń nu òjò ń kọ́? Kódà iná iwájú, ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni wọ́n máa ń mú un kọjú sí díẹ̀ kó má bàa bọ́ sójú ẹni tó ń bọ̀. Bí ọwọ́ bá ti yí, ojú ẹni yẹn gan-an ló máa bọ́ sí.

Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé kò sí ààyè àṣìṣe. Bí rédíò tí wọ́n tún ṣe kò bá sọ̀rọ̀, kò pa ẹnikẹ́ni. Sítíárìn tó bá já lórí eré, ó di ìròyìn nìyẹn. Awójọbí ṣe é, ọkọ̀ náà sì rìn, ọkọ̀ tí ìdílé rẹ̀ ń wọ̀.

Ó yẹ kéèyàn rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láwùjọ nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì yí padà púpọ̀. Ọ̀mọ̀wé tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, kóòtù àti táì ni wọ́n ń retí lọ́rùn rẹ̀. Mẹkáníìkì ni wọ́n ń retí lábẹ́ mọ́tò. Bí ọkọ̀ ọ̀gá bá bàjẹ́, ọ̀gá á dúró lápá kan, á máa bojú wo aago. Awójọbí kò ya nǹkan méjèèjì sọ́tọ̀. Ìṣirò tó ń kọ sójú pátákó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Akókà àti gíríìsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ló fún un lórúkọ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn ju Macbeth lọ. Dead Easy ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bí ìṣirò bá le tó, tí gbogbo kíláàsì ti gbọ́wọ́ lérí, ohun tó máa ń tẹnu rẹ̀ jáde ni pé ó rọrùn. Ó sì máa ń yanjú rẹ̀ lójú wọn.

Autonov 1

Lẹ́yìn Opel, ó kọjú sí jíìpù, irú èyí tí àwọn ológun máa ń lò.

Ohun tó ń dà á láàmú nípa mọ́tò kò jọ ohun tó ń da ẹlòmíì láàmú. Mọ́tò ní gíà mẹ́rin fún iwájú, ó ní ẹyọ kan péré fún ẹ̀yìn. Ẹyọ kan yẹn, ìjàpá sàn jù ú lọ. Bí wọ́n bá tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì á máa ké, mọ́tò kò ní tìtorí ìyẹn sáré. Bẹ́ẹ̀ awakọ̀ ti yí ọrùn pa dà, ó ń wo ẹ̀yìn láti ojú wíńdò, ọwọ́ kan wà lórí sítíárìn, èkejì wà lórí àga. Bí ọkọ̀ ológun bá wọ ọ̀nà tóóró tí wọ́n sì dojú ìbọn kọ ọ́ níwájú, kò sí ààyè láti yí padà, kò sì sí eré láti fi sá sẹ́yìn. Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní 1970. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlá ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀yìn fi lọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Nínú gíà bọ́ọ̀sì, irin eléyín ló ń yí irin eléyín. Bí méjì bá wọnú ara wọn, tí ọ̀kan bá yí síbí, èkejì á yí sọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá fi ẹ̀kẹta sáàárín méjèèjì, ìyíká á tún padà. Ẹ̀kẹta kékeré yìí ni wọ́n ń pè ní rífáàsì. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì máa ń fi sí i, nítorí àwọn tó ń ṣe mọ́tò gbà pé kò sí ẹni tó nílò láti lọ sẹ́yìn ju kó jáde kúrò nínú gáréèjì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́ síwájú àti sẹ́yìn kò ní máa to rífáàsì mẹ́rin síbẹ̀. Ohun tó máa wá ni ọ̀nà láti yí ìyíká padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún gbogbo gíà pọ̀. Ọ̀pá inú ọkọ̀ ojú irin yẹn nìyẹn, tó tún yọjú.

Ìdajì iṣẹ́ ṣì nìyẹn. Mọ́tò tó bá ń sáré sẹ́yìn nílò ẹni tó ń wo ibi tó ń lọ. Awójọbí fi sítíárìn kejì sí jíìpù náà lápá ẹ̀yìn. Bí awakọ̀ bá jókòó síbẹ̀, ẹ̀yìn ti di iwájú nìyẹn, iwájú sì ti di ẹ̀yìn. Gíà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ fún un síhà méjèèjì, kò sì sí eré tó lè sá síbí tí kò lè sá sọ́hùn-ún. Orúkọ tó fún un ni Autonov 1, èyí tó gé kúrú láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí ọkọ̀ tó jẹ́ àrà tuntun.

Ṣé ó rọrùn láti wà á? Ẹni tó bá ti wo fọ́kílíìfù rí níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń fi táyà ẹ̀yìn yà kì í yà bí mọ́tò yòókù. Ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ fẹ́ jù sí òdì kejì. Mọ́tò tó bá ń fi táyà kan náà yà, tó sì ń sáré sí ìhà méjèèjì, ní láti bá ìṣòro yìí pàdé ní ìhà kan. Iṣẹ́ tó yẹ kí iléeṣẹ́ ńlá gbé lé àwọn ẹnjiníà lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni, pẹ̀lú pápá ìdánwò àti ọkọ̀ ogún tàbí ọgbọ̀n tí wọ́n lè fi ṣe àṣìṣe. Olùkọ́ yunifásítì kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú jíìpù kan.

Orúkọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ń sọ nǹkan. Ẹni tó bá kọ 1 sí ìdí orúkọ, 2 wà lọ́kàn rẹ̀. Ní 1975, iléeṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kaduna, Volkswagen náà bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Òṣìṣẹ́ dé, ẹ̀rọ dé, owó ìjọba dé. Ẹ̀yà ara mọ́tò tí wọ́n ti ronú rẹ̀ parí lókè òkun ni wọ́n ń tò pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì tò ó dáadáa. Láàárín ibi tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ àti ibi tí ẹnì kan ti ń ronú ọkọ̀ ní Akókà, kò ju kéèyàn wọ bọ́ọ̀sì kan tàbí méjì lọ. Autonov 1 kò di ọkọ̀ tí wọ́n ń ṣe fún títà.

Oyè, tẹlifíṣàn àti ìjọba

Ọdún 1974 ni gbogbo nǹkan dé pọ̀. Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù fún un ní oyè DSc nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Oyè yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń jókòó ṣe ìdánwò fún. Wọ́n máa ń kó gbogbo iṣẹ́ tí ẹnì kan ti tẹ̀ jáde láti ọdún yìí wá, wọ́n á wò ó bóyá ó ti fi nǹkan kún ìmọ̀ ayé. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba irú rẹ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Imperial College. Ẹni ọdún 37 ni. Ọdún náà ló di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó.

Àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa ìwárìrì ilẹ̀ mọ̀ ọ́n lórí tẹlifíṣàn, níbi tó ti ń bi àwọn olùdíje ní ìbéèrè lórí ètò Mastermind. Nígbà tí ìjọba alágbádá Ààrẹ Shehu Shagari dé ní 1979, wọ́n tún mọ̀ ọ́n sí ohùn tí kì í dákẹ́. Ó ń lọ láti yunifásítì kan sí èkejì, ó ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìwà ìbàjẹ́ àti bí wọ́n ṣe ń ná owó ìlú, àwọn gbọ̀ngàn sì máa ń kún fọ́fọ́. Ó gbé ìjọba lọ sí kóòtù pẹ̀lú. Bó ṣe máa ń ṣe ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe ìṣèlú: ó fẹ́ ṣí i, ó fẹ́ rí ibi tí nǹkan ti ń jò, ó sì fẹ́ kí gbogbo ènìyàn rí i. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í bá mẹkáníìkì jà. Kóòtù kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdún tó fi ń kọ ìwé ẹ̀sùn, ọdún tí ì bá fi wà nínú wọ́kọ́ṣọ́ọ̀bù ni. Ó ṣòro láti dá a lẹ́bi, ó sì ṣòro láti má kábàámọ̀ rẹ̀.

Àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983. Kò pé oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1984, Awójọbí kú. Ẹni ọdún 47 ni, ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀. Ìròyìn náà bá ọ̀pọ̀ ènìyàn lójijì, pàápàá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n rò pé ó ṣì ní ogún ọdún láti fi bá àwọn wí.

Àwọn tó kọ́ lẹ́ẹ̀kọ́ ti di àgbà ẹnjiníà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti fẹ̀yìntì. Ère rẹ̀ wà ní ráńdábáòtù Oníkẹ ní Yábàá, kò jìnnà sí Akókà, nínú ọgbà kékeré tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè. Láti àárọ̀ títí di òru ni dánfó ń yí i po, sítíárìn wọn wà lápá òsì, wọ́n ń gba ọwọ́ ọ̀tún.